Agolo Ìwọ̀ Bàbá Mi

Kì í ṣe mílíìkì ló wà nínú agolo yìí mọ́.
Ìwọ̀ ni, ìwọ̀ olórí òjé,
pẹ̀lú èédú mẹ́ta àti ẹ̀kúnwọ́ ìrẹsì
kí ọ̀rinrin odò Yáwùrì má baà sọ wọ́n di ìpẹtà.
"Ìrẹsì yẹn kì í ṣe fún jíjẹ," ni Bàbá wí lọ́dún tí ebi pa wá.
A ò sì jẹ ẹ́.

Iṣẹ́ fọganáísà ló gbé e kúrò l'Ógbòmọ̀ṣọ́ dé Yẹ́lúwà.
Ó ní ọdún méjì lòun ó lò.
Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Ibẹ̀ lèmi náà bímọ sí.
Lábẹ́ igi dóńgóyárò tó ti ń lẹ táyà
ló ti ń ṣa àwọn òjé wẹ́wẹ́ tó ń já bọ́ lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ akẹ́rù,
èyí tí í mú kí táyà yí láìgbọ̀n,
ó ń yọ́ wọn nínú ìgbakọ
tí Màámi wá, wá, wá, tó sì gba f'Ọ́lọ́run.
Ó ń dà á sínú ihò tó gbẹ́ sára bíríkì,
orí ẹja kékeré á jáde, á máa dán,
kò ní lójú, àfi tí Bàbá bá fi ìṣó tẹ ojú sí i.
Tíúbù kẹ̀kẹ́ tí kò ṣe é lẹ̀ mọ́
ló ń gé tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, so mọ́ ọn lọ́rùn bí yẹ̀rì.
Ìyẹ́ àkùkọ. Ìyẹ́ ẹtù.
Lẹ́ẹ̀kan, ó gé létí bùbá mi ọdún Iléyá.
Ẹja tó fi pa gùn tó apá mi.
Mo jẹ orí rẹ̀, mi ò sì dákẹ́ ẹkún.

Gíwán rúwà ni wọ́n ń pe ẹja náà níbí, erin inú omi.
Tánkó alàwọ̀n máa ń fi Bàbá rẹ́rìn-ín:
"Onítáyà, àwọ̀n la fi ń pẹja, kì í ṣe yẹtí."

Báyìí, ojú Bàbá ti lọ.
Ní ìdájí, ó jókòó lórí ríìmù, agolo wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀.
"Ṣífáwù, báwo lomi ṣe rí?"
Mo sọ̀ kalẹ̀ dé etídò, mo padà.
"Ó pọ́n, Bàbá. Bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí."
Òjò ti rọ̀ lókè, ó ní. Kó má ṣe jẹ́ dúdú.
Nínú omi pípọ́n, ẹja kì í fojú wá oúnjẹ, ara ló fi ń gbọ́ ọ.
Ó ki ọwọ́ bọ agolo.
Ogójì ìwọ̀, ọ̀kan ò gún un.
Èyí fúyẹ́, ti ìgbà ọyẹ́ ni, nígbà tí omi bá mọ́ kedere.
Èyí wúwo bí ẹyin ẹyẹlé.
Èyí ní wáyà bí irùngbọ̀n, fún ibi tí omi ìsédò gbé ìlú àtijọ́ mì,
kí igi ìgbàanì má baà há a mọ́lẹ̀.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró.
"Ta ló ṣe èyí?"

Mi ò fèsì.
Ìdí irun tí mo tú lọ́jọ́ Àlàmísì ni yẹ̀rì rẹ̀, pupa àti yẹ́lò.
Èmi àti ọmọ mi la yọ́ òjé náà lóru. Ìgbakọ tèmi ni.
Ó fi àtàǹpàkò wá ojú rẹ̀: ọ̀kan tóbi ju èkejì.
Ó fi eyín fa okùn ọrùn rẹ̀. Kò tú.
"Yóò máa fì sápá ọ̀tún," ó ní,
"bí ẹja tára rẹ̀ ò yá."
Ó so ó mọ́ okùn.

A ò rí ẹja kankan lọ́jọ́ náà. Tánkó kọjá, ó rẹ́rìn-ín.
Nígbà tí oòrùn mú, a nù wọ́n gbẹ lọ́kọ̀ọ̀kan,
a dá wọn padà sáàárín èédú àti ìrẹsì.
Tèmi nìkan ló fà lé mi lọ́wọ́.
"Lọ wá agolo tìrẹ."

Mo ti rí ọ̀kan.
Òórùn mílíìkì kò tíì kúrò nínú rẹ̀.